Èdè Wo Ni Ọmọ Wa Ń Gbọ́ Nínú Ọkọ̀?



Ní àárọ̀ Sátidé kan, mò ń gbé ọmọ mi bọ̀ wá sí ilé-ìwé wa. A ti pẹ́. Bí a ṣe fẹ́ gba Exit 17 kúrò lórí Beltway bọ́ sí Landover Road, ọkọ̀ kan ṣàdédé já wọ iwájú mi. Mo tẹ bíréèkì, mo fun fèrè, mo sì la ẹnu: "Wèrè! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?"

Ẹni tí mo ń bá wí kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ mi: ọmọ ọdún márùn-ún tó jókòó sẹ́yìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń fi ọkọ̀ ìṣeré rẹ̀ ṣeré ní pálọ̀. Ọkọ̀ méjì kọlu ara wọn, ó sì kígbe: "Wèrè! Ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" Ohùn rẹ̀ lọ sókè, ó wálẹ̀, kò ṣi ohùn kan pè. "Ẹ káàárọ̀, mà" tí olùkọ́ rẹ̀ ti ń kọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí. Mò ń gbé ọmọ lọ kọ́ Yorùbá, mo sì ti ń kọ́ ọ ní Yorùbá míì lójú ọ̀nà.

Ká má parọ́, ọ̀nà wa ń dán sùúrù wò. Beltway tó yí Washington ká gùn tó máìlì 64, oṣù Kẹjọ ọdún 1964 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Bí Commanders bá tún ń gbá bọ́ọ̀lù ní Northwest Stadium, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Landover mọ bó ṣe máa ń rí. Yorùbá ní orúkọ tó bá a mu: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ pè é díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń sún díẹ̀, ó ń fà díẹ̀, bíi ti ọkọ̀ gan-an.

Ṣé ìkánjú ń ṣe wá láǹfààní? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá ń sá eré máìlì 55 ní wákàtí kan, máìlì mẹ́wàá á gbà yín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Bí ẹ bá sá 65, á gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti díẹ̀. Èrè gbogbo wàhálà yẹn kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Ní ọdún 2008, Yuki Sugiyama àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó ọkọ̀ 22 sórí ọ̀nà roboto kan tí àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 230, wọ́n ní kí gbogbo awakọ̀ máa sá eré kan náà. Kò sí ìjàǹbá, ọ̀nà kò sì bàjẹ́. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fi dé. Ẹnì kan dẹ eré díẹ̀, ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ dẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni ẹ̀yìn ìyẹn sì dúró. Nítorí náà, ẹni tó fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí kò tẹ bíréèkì lójijì, ń ran gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn òbí kan máa sọ. Ẹni tó wakọ̀ rí ní Oshodi tàbí lórí Third Mainland Bridge mọ̀ pé bí o bá fi àyè sílẹ̀, dánfó á gbà á. Òótọ́ ni. Bó bá gbà á ńkọ́? Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lẹ pàdánù.

Àwa tí a ní "ẹ kú ìjókòó," "ẹ kú ìdúró" àti "ẹ kú ìrìn," kí ló dé tí a kò ní ọ̀rọ̀ rere fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kejì? Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, òfin Maryland ní ká sún kúrò nítòsí ọkọ̀ yòówù tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó sì tan iná ìkìlọ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ká dẹ eré. Ti òfin nìyẹn. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o" ni tiwa.

Ohun tí a wá ń ṣe nínú ọkọ̀ wa nìyí. Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò. Bí ẹnì kan bá tan iná pé òun fẹ́ wọlé, mo dẹ eré, ọmọ mi á ní, "Ẹ máa bọ̀." Bí wọ́n bá fún wa láyè, mo juwọ́, òun á ní, "Ẹ ṣeun o." Bí ẹnì kan bá já wọ iwájú wa, "Ẹ rọra o" la máa ń sọ. Bí ọkọ̀ kò bá lọ mọ́, a ń ka ọkọ̀ pupa. Sátidé tó kọjá, ó kà á dé mẹ́tàdínlógún.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni ẹnì kan tún já wọ iwájú mi. Mo ti la ẹnu tán kí n tó gbọ́ ohùn kékeré lẹ́yìn: "Ẹ rọra o." N kò mọ ẹni tó ń bá wí nínú àwa awakọ̀ méjèèjì. Mo pa ẹnu mi dé, mo dẹ eré.

Ọ̀nà á là o.