Jíìmù Olówó Gọbọi: Ṣé Ó Tó Bẹ́ẹ̀?

Láti ìgbà tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti fẹ̀yìn tì, ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu wa: ṣé ó yẹ kí ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì máa san owó gọbọi lóṣooṣù fún jíìmù àwọn ọlọ́lá, èyí tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù àti olùkọ́ àdáni? Àwọn tó ń tà á á ní ìlera loògùn ọrọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í ta ìlera. Àyè láti wọlé ni wọ́n ń tà. Ìyàtọ̀ wà ńbẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ní ọdún 2006, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, tẹ ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 7,752 tó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìdárayá mẹ́ta ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń san ju dọ́là 70 lóṣù ń lọ ní ìwọ̀n ìgbà 4.3 péré lóṣù. Ìlọ kan ń ná wọn ju dọ́là 17 lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè ra káàdì ìgbà mẹ́wàá, kí ìlọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 10. Kí ló fà á? Lọ́jọ́ tí èèyàn ń forúkọ sílẹ̀, ó dá a lójú pé òun á máa lọ.

Èdè wa tún la nǹkan kan yé mi. "Ọmọ ẹgbẹ́" là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tí kò wá sí ìpàdé á san owó ìtanràn. Bó bá tún pa á jẹ, wọn á wá a wálé. Jíìmù kì í wá ẹnikẹ́ni. Bí gbogbo ẹni tó sanwó bá dé lọ́jọ́ kan náà, kò ní sí àyè ìdúró. Oníbàárà lásán ni wá níbẹ̀.

Kí wá ni ara àgbà ń fẹ́? Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 ni pé kí ẹni ọdún 65 sókè máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n, kó máa mú iṣan le lọ́jọ́ méjì, kó sì máa ṣe èyí tí kò ní jẹ́ kó máa ṣubú lọ́jọ́ mẹ́ta. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ládùúgbò, dídìde lórí àga láìfọwọ́tì í, dídúró lẹ́sẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: èwo ló gba owó níbẹ̀?

Mi ò ní kò wúlò o. Ẹni tí orúnkún ń dùn, omi á gbé ìwúwo rẹ̀ fún un. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lè tó owó rẹ̀. Ẹni tí ọ̀kadà ò jẹ́ kó rọ́nà rìn náà ní àwíjàre.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ máa san owó ojúmọ́ fún oṣù kan, níbi tí wọ́n bá ti ń gbà á. Ẹ sàmì sí kàlẹ́ńdà lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ. Ẹ wá fi iye ìgbà tí ẹ lọ, kì í ṣe iye tí ẹ ní lọ́kàn, pín owó oṣù. Bí ohun tó jáde bá kéré sí owó ojúmọ́, ẹ forúkọ sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá ẹni mẹ́ta tí á máa kanlẹ̀kùn yín láàárọ̀ fún ìrìn. Ẹgbẹ́ nìyẹn.