Gígun òkè ní ìrọ̀lẹ́: ìdí tí ó fi yẹ kí ẹgbẹ́ mọ wákàtí ìpadà

Àwọn òkè Shere, tí ó wà ní apá ìlà oòrùn ìlú Jos ní ìpínlẹ̀ Plateau, jẹ́ ibi tí àwọn ènìyàn máa ń kóra jọ lọ láti gun òkè. Òkè tí ó ga jùlọ níbẹ̀ tó nǹkan bíi 1,800 mítà sí ìtẹ́jú òkun. Àwọn tí ń gbé ní àdúgbò bíi Ali Kazaure, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Jos, lè parí iṣẹ́ òòjọ́ wọn kí wọ́n sì dé ẹsẹ̀ òkè náà kí oòrùn tó wọ̀.

Eré ìdárayá tí ó dára ni gígun òkè. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gba àwọn àgbàlagbà nímọ̀ràn láti máa ṣe eré ìdárayá fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kò bá rin ọ̀nà náà rí, tí ilẹ̀ sì ń ṣú lọ, ewu tí ó wà nínú sísọ̀kalẹ̀ pọ̀ ju ti gígòkè lọ.

Ojú àti ẹsẹ̀

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, òkùnkùn kì í pẹ́ dé. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kì í tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ojú ènìyàn sì nílò nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó tó mọ́ òkùnkùn lára. Ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ iná fóònù tún ti dá ojú rẹ̀ padà sẹ́yìn nìyẹn.

Nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, iṣan itan ni ó ń dá ìwúwo ara dúró ní gbogbo ìṣísẹ̀. Bí gígòkè bá ti mú iṣan yìí rẹ̀, orúnkún a máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ a sì máa yẹ̀ lórí òkúta.

Òtútù

Ní àsìkò ọyẹ́, òtútù òru ní Jos lè dé nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí òógùn bá rin aṣọ ènìyàn gbingbin, tí ó sì jókòó sínú afẹ́fẹ́, ara rẹ̀ yóò máa pàdánù ooru kíákíá. Bí ooru ara bá lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 35 lọ, ewu ti dé. Ẹni náà yóò máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ yóò wúwo lẹ́nu rẹ̀, yóò sì máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni tí ó mutí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè rò pé ọ̀lẹ ni ó ń ṣe. Kí wọ́n bọ́ aṣọ tútù náà, kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ bò ó, kí wọ́n má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Òtútù, òùngbẹ àti làálàá tún lè dá ìrora sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ládìde. Ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀.

Ejò

Ní ọdún 2017, àjọ WHO ka oró ejò mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a kò náání tó. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, kí a má sín in ní gbẹ́rẹ́, kí a má sì fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin. Kí ó má mi ẹsẹ̀ náà, kí a sì tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní oògùn apa-oró ejò.

Ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe

• Ẹ fi wákàtí ìpadà sí i kí ẹ tó gbéra. Bí oòrùn yóò bá wọ̀ ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, ẹ yí padà ní aago márùn-ún, ìbáà jẹ́ pé ẹ dé góńgó òkè tàbí ẹ kò dé e.

• Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá wà níwájú, kí ẹni tí ó gbóná wà lẹ́yìn pátápátá, kí ẹ sì máa ka ara yín.

• Ẹ mú omi, aṣọ òtútù, bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ gbà fún ẹni tí ó wà nílé.

• Bí ẹ bá ṣìnà nínú òkùnkùn, ẹ dúró pọ̀ sójú kan, kí ẹ sì pe nọ́ńbà pàjáwìrì 112.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òkè kì í sá lọ. Ẹgbẹ́ tí ó bá padà láìdé góńgó lónìí lè tún lọ lọ́jọ́ mìíràn.