Ọgọ́rọ̀ ìwé kọ́ ni èrè ìwádìí: Ohun tí São Paulo rí gbà nínú owó tó ná sórí igbó àti ẹranko

Àgbẹ̀ ní láti mọ iye ebè tó kọ, oníṣòwò náà sì gbọ́dọ̀ mọ iye tó wọlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èrè ló ṣeé kà bí ẹní ka ebè. Ohun tó délẹ̀ nìyí ní ìpínlẹ̀ São Paulo, lórílẹ̀-èdè Bràsíl, nígbà tó di pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá owó tí wọ́n ná sórí ìwádìí nípa igi, ẹranko àti kòkòrò mú èrè kankan wá.

Owó ìlú ni owó ọ̀hún. Òfin ìpínlẹ̀ náà tọdún 1989 ló pàṣẹ pé nínú ọgọ́rùn-ún owó orí tó bá wọlé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti FAPESP, àjọ tó ń náwó sórí ìwádìí níbẹ̀. Lọ́dún 1999 ni àjọ yìí dá ètò BIOTA sílẹ̀, káwọn onímọ̀ lè mọ gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó wà ní São Paulo, kí wọ́n sì mọ ọ̀nà tí wọn ò fi ní parun. Ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.5 dọ́là ni wọ́n ń ná lé e lórí lọ́dọọdún.

Nígbà tí ètò náà lé lọ́dún mẹ́wàá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Carlos Joly àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ro àbọ̀ nínú jọ́nà Science lọ́dún 2010. Iṣẹ́ ìwádìí ńlá 94 ni wọ́n náwó sí. Irú ẹ̀dá 1,766 tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí ni wọ́n ṣàwárí, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí. Àpilẹ̀kọ 1,145 ni wọ́n gbé jáde, èèyàn 108 sì gboyè ọ̀mọ̀wé nídìí ẹ̀.

Ibi tí ìṣirò ti dojú rú nìyí o. Bí wọ́n bá fẹ́ wọn orílẹ̀-èdè kan nídìí iṣẹ́ ìmọ̀, nǹkan méjì ni wọ́n sábà máa ń wò: iye àpilẹ̀kọ tó gbé jáde, àti iye ìgbà táwọn onímọ̀ mìíràn tọ́ka sí wọn. Eugene Garfield ló bẹ̀rẹ̀ àkójọ tí wọ́n fi ń kà á, ní Philadelphia, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1964. Iléeṣẹ́ Clarivate ló ni ín báyìí, Web of Science ni wọ́n sì ń pè é. Jọ́nà tí kò bá sí nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, bíi pé wọn kò tẹ̀ ẹ́ rárá ni lójú ẹni tó ń kà.

Jọ́nà 260 ni àwọn onímọ̀ BIOTA kọ̀wé sí, ṣùgbọ́n 181 péré ló wà nínú àkójọ náà. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin tó kù kò sí níbẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kọ̀wé lédè Potogí nípa ẹja odò kan ní São Paulo, àwọn tó ń ṣọ́ odò náà ló ń kọ ọ́ fún. Ìdí rèé tí FAPESP fi ran SciELO lọ́wọ́ láti ọdún 1997, àkójọ tó ń kó jọ́nà àwọn ará Bràsíl sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó di ọdún 2014, Web of Science fúnra rẹ̀ gba SciELO wọlé.

Bí oníṣirò bá pín mílíọ̀nù 25 dọ́là ọdún mẹ́wàá sí àpilẹ̀kọ 1,145, ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22,000 dọ́là. Á ní owó ìwé ti wọ́n jù. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Àwọn onímọ̀ yìí kó gbogbo ohun tí wọ́n rí jọ, wọ́n sì ya máàpù tó fi ibi tó yẹ kí wọ́n dáàbò bò hàn. São Paulo ló ń gbin ìrèké jù ní Bràsíl, ṣúgà àti ọtí tí wọ́n fi ń wa mọ́tò sì ni olówó ń lé kiri níbẹ̀. Lọ́dún 2008, ìjọba lo máàpù náà nígbà tó pín ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, láti ibi tó dáa fún ìrèké títí dé ibi tí kò yẹ rárá. Nígbà tí Joly àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi máa ròyìn, àṣẹ ìjọba 6 àti ìpinnu 13 ló ti mẹ́nu kan iṣẹ́ wọn.

Kò sí àkójọ jọ́nà kankan tó ń ka irú èyí. Onílé-iṣẹ́ ṣúgà tó fẹ́ ra ilẹ̀ lè má ka àpilẹ̀kọ kan láyé rẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ àwọn onímọ̀ yìí ló ń sọ ibi tó lè gbin ìrèké sí. Ìjọba tó bá fi iye ìwé nìkan pín owó ìwádìí, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dá dúró. Ìgbà tí igbó bá tán ni yóò tó mọ̀ pé èrè wà níbẹ̀.