Asẹ́ àti Ògì: Bí Ètò Kọ̀ǹpútà ti Ń Fi Àkójọ Kan Yẹ Òmíràn Wò

Obìnrin tí ń sẹ́ ògì ní Ẹdẹ mọ̀ pé ohun méjì ni ó wà níwájú òun: àgbàdo lílọ̀ àti asẹ́. Irú iṣẹ́ yìí ni ẹni tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí ó bá ní àkójọ méjì, tí ó sì fẹ́ ya ohun inú èkíní sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èkejì bá ti jẹ́rìí sí i.

Àbùdá kan ni ó gbọ́dọ̀ so àkójọ méjèèjì pọ̀. Orúkọ kò tó, nítorí ènìyàn méjì lè jẹ́ orúkọ kan. Nọ́ńbà tí ohun méjì kì í jọ ní ni ó yẹ. Bí àkójọ kọ̀ọ̀kan bá ní ohun 1,000, tí a sì ń tún èkejì kà látòkèdélẹ̀ nítorí ohun kọ̀ọ̀kan inú èkíní, ìfiwéra lè tó 1,000,000. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ to èkejì sínú ohun tí èdè Python ń pè ní dict, tí ń dáhùn kíá bí a bá ti pe nọ́ńbà, nǹkan bí ìgbésẹ̀ 2,000 ti tó.

Ọ̀ràn ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ti ọjọ́ 16 oṣù Keje, 2022 fi ìwúlò àti ewu rẹ̀ hàn. Adémọ́lá Adélékè, ọmọ Ẹdẹ, ní ìbò 403,371. Gbóyèga Oyètọ́lá, tí ó wà lórí oyè nígbà náà, ní 375,027. Oyètọ́lá pẹjọ́ pé ìbò ju olùdìbò lọ ní àwọn ibùdó kan. Àkójọ méjì ni ẹ̀rí náà: iye ìbò inú fọ́ọ̀mù ibùdó kọ̀ọ̀kan, àti iye ènìyàn tí ẹ̀rọ BVAS fi ìka tàbí ojú dá mọ̀ níbẹ̀. Ibùdó tí èkíní bá ti ju èkejì lọ ni a yà sọ́tọ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní, 2023, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ fagi lé ìyànsípò Adélékè. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí àjọ INEC ti wí, àkọsílẹ̀ BVAS tí a lò ti jáde láti inú kọ̀ǹpútà àpapọ̀ kí gbogbo ẹ̀rọ tó fi iye tiwọn ránṣẹ́ tán. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fara mọ́ ọn ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún, ó ní àwọn ẹ̀rọ BVAS gan-an ni ó yẹ kí a fi ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Ohun tí kò sí nínú àkójọ kejì lè wà láyé, kí ó jẹ́ pé kò tíì dé ni. Ètò kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí ojú asẹ́ bá dí, ògì dáradára a bá èèrí lọ.