Ásímà Lára Àwọn Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ wa, ásímà kì í ṣe àìsàn ọmọdé nìkan. Ó lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó ti lé ní ọdún 65. Bí àwa àgbà ṣe ń dàgbà sí i, àyà wa á máa le, iṣan tí a fi ń mí á máa rọ. Bí ásímà bá tún fún ọ̀nà èémí pa, wàhálà dé.

Àwọn àgbà á máa mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n á ní, "Àgbà ló dé." Kì í ṣe àgbà nìkan o! Ẹ mú wọn lọ rí dókítà, kẹ́ ẹ dárúkọ gbogbo oògùn wọn, torí oògùn ojú bíi timolol lè dá ásímà sílẹ̀. Bí ọwọ́ tó ń ro wọ́n ò bá lè tẹ oògùn fífà, ẹ bá wọn tẹ̀ ẹ́. Nílé òrìṣà, ẹ gbé sìgá àti tùràrí jìnnà sí wọn. Bí èémí ò bá jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ pe áńbúláǹsì kíá.

Ẹ̀mí àwọn àgbà wa á gùn. Àṣẹ.