Oko Ọdún Kan Kò Tó fún Sẹ́mínà Iṣẹ́ Àgbẹ̀

Ẹni tí ó bá gba àdúgbò Fate kọjá ní Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tí ẹṣin jẹ́ eégún ilé wọn, tí ó rí ilé alájà, ilé oúnjẹ àti ilé ìtajà tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ títí dé ọ̀nà Tanke, lè má gbà pé nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń du ọkọ̀ lọ sí Yunifásítì Ìlọrin lówùúrọ̀, àwọn kan wà tí oko ríro jẹ́ ẹ̀kọ́ fún, tí olùkọ́ yóò sì fún ní máàkì lórí ebè tí wọ́n kọ.

Ọdún márùn-ún ni oyè iṣẹ́ àgbẹ̀ ń gbà ní àwọn yunifásítì wa. Ní ọdún kẹrin, akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ sílẹ̀ gba oko. Yóò ṣán an, yóò gbin àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́, yóò sin adìẹ, yóò sì máa kọ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sínú ìwé tí olùkọ́ yóò yẹ̀ wò. Ní ọdún karùn-ún ni sẹ́mínà dé: yóò yan kókó tí olùkọ́ fọwọ́ sí, yóò ka ìwádìí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, yóò kọ tirẹ̀, yóò sì dìde níwájú àwọn olùkọ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n fi ìbéèrè gbọ̀n ọ́n yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Gbogbo èyí dára, n kò sì rí ẹni tí yóò bá a jà.

Ṣùgbọ́n nígbà tí kókó náà bá jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kì í pa ilẹ̀ run, ọ̀rọ̀ di méjì. Òjò Ìlọrin a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí Oṣù Kẹrin, a sì dáwọ́ dúró ní Oṣù Kẹwàá. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rí láàárín ìgbà náà kò ju ìkórè ẹ̀ẹ̀kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni ajílẹ̀ òyìnbó tí ń mú àgbàdo yọ ọmọ rọ̀bọ̀tọ̀ lọ́dún yìí lè jẹ́ èyí tí yóò sọ ilẹ̀ náà di aṣálẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Ẹni tí ó fi ìkórè ẹ̀ẹ̀kan ṣe ìdájọ́ oko dà bí ẹni tí ó fi ọjọ́ ìgbéyàwó díwọ̀n ìwà ìyàwó.

Ẹ jẹ́ kí a wo Samaru, ní ẹ̀bá Zaria, níbi tí àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní 1950. Wọ́n pín ilẹ̀ sí abala-abala, wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù, náítírójìn, fọsifọ́rọ́ọ̀sì àti pọtásíọ̀mù sí i, níkọ̀ọ̀kan tàbí ní àpapọ̀, lọ́dọọdún. Ibi tí ajílẹ̀ ammonium sulphate nìkan ń bọ́ sí di kíkan, nítorí pé nígbà tí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ bá ń yí ammonium padà di nitrate, ásíìdì ni ó ń ti ara rẹ̀ jáde, òjò a sì fọ kálísíọ̀mù lọ sí ìsàlẹ̀. Ibi tí ìgbẹ́ màlúù ń bọ́ sí sì di ọ̀rá rẹ̀ mú dáadáa ju ìyẹn lọ. Ní Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1843 ni wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ lórí oko àlìkámà Broadbalk, àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ti kú tipẹ́.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nítorí náà, lójú tèmi, ó yẹ kí sẹ́mínà béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tọ àgbẹ̀ tí ó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ kan lọ, kí ó bi í léèrè ohun tí ibẹ̀ ń mú jáde nígbà èwe rẹ̀, iye ọdún tí ó fi ń jẹ́ kí ilẹ̀ sinmi nígbà náà, àti iye tí ó kù sí nísinsìnyí tí ìgbòrò ti ṣọ̀wọ́n. Ó tún yẹ kí ẹgbẹ́ ọdún kan fa oko kan náà lé ẹgbẹ́ ọdún kejì lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀: ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀, ìwọ̀n ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n fi sí i, bí ilẹ̀ ti kan tó, àti ìwọ̀n ìkórè.

Àyè rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tí ń bójú tó àwọn yunifásítì wa, gbé jáde ní 2022, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ náà là sílẹ̀. Ìdá 30 tí ó kù wà lọ́wọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí ó bá gba irú oko bẹ́ẹ̀ kò ní rí nǹkan gúnmọ́ kọ. Ẹgbẹ́ kẹwàá ni yóò ní ohun tí yóò gbé wá síwájú àwọn olùkọ́.