Bí Àgbà Òṣìṣẹ́ Ṣe Lè Di Nọ́ọ̀sì

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní kíláàsì wa ní Àkúrẹ́, obìnrin kan dìde, ó bi wá ní ìbéèrè. Ọsibítù ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń tún bẹ́ẹ̀dì ṣe, tó sì ń gbé oúnjẹ fún àwọn aláìsàn. Ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, mo sì ti bímọ mẹ́ta. Ṣé èmi náà ṣì lè di nọ́ọ̀sì, àbí ó ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́?"

A dá a lóhùn pé kò tíì bọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tòótọ́ wà, ọ̀nà ẹ̀tàn náà sì wà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a wo méjèèjì.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní olùkọ́ àti ìwé, ṣùgbọ́n ọsibítù ni aláìsàn wà. Ọsibítù ń san owó oṣù fún òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọsibítù nìkan kò lè sọ òṣìṣẹ́ di nọ́ọ̀sì. A kò lè ti inú ìwé nìkan mọ bí a ṣe ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. A kò sì lè fi ojú lásán mọ ìdí tí oògùn kan fi ń wo ẹnì kan sàn, tó sì ń pa ẹlòmíràn lára. Ìdí nìyí tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àti agbanisíṣẹ́ fi gbọ́dọ̀ pawọ́ pọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti sọ èyí di ètò láti nǹkan bí ọdún 2017. Ọsibítù lè mú òṣìṣẹ́ rẹ̀ kí ó wá kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bí ìgbà tí a gba ọmọ iṣẹ́. Ó ń lọ sí yunifásítì ní àwọn ìgbà kan, ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn ní àwọn ìgbà mìíràn. Ó sábà máa ń gba ọdún mẹ́rin. Owó oṣù rẹ̀ kò dúró, òun kọ́ ló sì ń san owó ẹ̀kọ́. Ẹ ò rí i? Lọ́dọ̀ wa, ọmọ iṣẹ́ ló ń sanwó fún ọ̀gá. Níbẹ̀, ọ̀gá ló ń sanwó fún ọmọ iṣẹ́.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ kò tíì gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ibi ẹ̀kọ́ kò jìnnà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tí wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì wà ní Àkúrẹ́. Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí a ń pè ní UNIMED, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, wà ní ìlú Oǹdó. Ọsibítù rẹ̀ sì wà ní Oǹdó.

Ẹni tí ó bá ti jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ó ń fẹ́ dìgírì, lè forúkọ sílẹ̀ ní NOUN, yunifásítì tí a ti ń kàwé láti ilé, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò tíì jẹ́ nọ́ọ̀sì kò lè gba ọ̀nà yìí. Ó ní láti kọ́kọ́ ní kírẹ́díìtì márùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Kíláàsì alẹ́ ni àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ìdánwò WAEC tàbí NECO tẹ̀ lé e. Bí ó bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ojúmọmọ ni ẹ̀kọ́, ọdún rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀kan. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tọrọ ààyè lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń san owó oṣù fún un nígbà náà, wọ́n sábà máa ń ní kó fọwọ́ sí bọ́ǹdì, pé òun yóò padà wá sìn wọ́n fún iye ọdún kan.

Ọ̀nà ẹ̀tàn ńkọ́? Ilé ìwòsàn aládàáni mìíràn a gba owó, a wọ ènìyàn láṣọ funfun, a pè é ní auxiliary nurse. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, wọn a fún un ní ìwé. Àjọ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí. Ohun tó ṣe obìnrin kíláàsì wa nìyẹn. Ọdún méjì ló fi ṣe é. Nígbà náà kò mọ̀wé kà. Ohun tí wọ́n sọ fún un ló gbà gbọ́. Nígbà tó mú ìwé náà lọ wá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n dá a padà fún un, wọ́n ní iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló kàn.

Kí ẹ tó sanwó, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin yìí:

1. Ṣé àjọ náà mọ ilé ẹ̀kọ́ yìí? Ẹ béèrè lọ́wọ́ àjọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń gbowó.
2. Ta ni yóò san owó ẹ̀kọ́, ta ni yóò sì san owó oṣù?
3. Ọdún mélòó ni bọ́ǹdì náà?
4. Bí mo bá ṣàìsàn tàbí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ṣé n ó dá owó padà?

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú gba ọwọ́ yín sórí ìwé. Ẹ gbé e délé, ẹ kà á. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ gbé e wá sí kíláàsì.

Obìnrin yẹn ṣì wà pẹ̀lú wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú ìwé kan wá láti ibi iṣẹ́. Ìwé ìsinmi ọdọọdún lásán ni. Ó kà á dé ìlà tó kẹ́yìn kí ó tó fọwọ́ sí i.